Wọ́n kọ́lé tán, wọ́n jẹ ojú owó: Bí káńsù ọlọ́dún gbọọrọ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe kógbá sílé

Bí ẹnì kan bá jókòó tì yín ní ṣọ́ọ̀bù, tó ní káńsù kan wà nílùú òyìnbó tó kọ́ ọ́fíìsì tuntun pẹ̀lú mílíọ̀nù 53 pọ́n-ùn, tó ní mínísítà fúnra ẹ̀ ló wá ṣí i, pé kò sì tó oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà tí akápò káńsù ọ̀hún fi kọ̀wé síta pé owó ti tán nílẹ̀, ẹ máa sọ fún un pé kó yé parọ́ ni. Ẹ máa ní irú ìyẹn, ọ̀dọ̀ tiwa níbí nìkan ló ti lè ṣẹlẹ̀. Àmọ́ òótọ́ pọ́ńbélé lọ̀rọ̀ yìí o. Orúkọ káńsù náà ni Northamptonshire County Council, ìlú Northampton, láàárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni olú iléeṣẹ́ ẹ̀ wà.

Oṣù kẹwàá, ọdún 2017, ni Sajid Javid, tó jẹ́ mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn káńsù nígbà náà, lọ ṣí ilé ọ̀hún. One Angel Square ni wọ́n sọ ọ́. Àlàyé tí àwọn ọ̀gá káńsù ń ṣe nípa ẹ̀ dùn-ún gbọ́ létí. Wọ́n ní dípò táwọn òṣìṣẹ́ yóò fi fọ́n káàkiri ọ́fíìsì rẹpẹtẹ, tí káńsù yóò máa san owó iná níbí, owó ọdẹ lọ́hùn-ún, owó àtúnṣe níbòmíì, káwọn kó gbogbo wọn sójú kan ló dáa. Wọ́n ní ilé tuntun yìí ló máa bá àwọn dín ìnáwó kù. Ta ni kò ní pàtẹ́wọ́ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ẹnu dùn-ún ròfọ́ ni. Lọ́jọ́ kejì, oṣù kejì, ọdún 2018, akápò àgbà káńsù náà, Mark McLaughlin, gbé bírò, ó sì kọ ìwé kan tí gbogbo káńsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bẹ̀rù bí ẹni ń bẹ̀rù ìwé kóòtù. Section 114 ni wọ́n ń pè é, nítorí pé abala 114 nínú òfin owó káńsù tọdún 1988 ló wà. Ohun tí ìwé náà ń sọ ò lọ́jú pọ̀ rárá: owó tó ń wọlé fún káńsù yìí kò lè gbé ìnáwó tó wà níwájú ẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ná kọ́bọ̀ tuntun, àfi sórí ohun tí òfin bá ní dandan ni kí káńsù ṣe. Láti ọjọ́ tí akápò bá ti fọwọ́ sí i, ọjọ́ mọ́kànlélógún péré làwọn kánsẹ́lọ̀ ní láti fi jókòó lé e lórí.

Ó tó nǹkan bí ogún ọdún tírú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ẹ̀, ní Hackney ni, ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 2000, ládùúgbò táwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí dáadáa. Nítorí náà, bí ìwé ọ̀hún ṣe jáde ní Northampton, ariwo gba gbogbo ìlú kan.

Ilé tuntun ńkọ́? Kí ọdún 2018 náà tó dé ìdajì, wọ́n ti tà á. Mílíọ̀nù 64 pọ́n-ùn ni wọ́n tà á, wọ́n wá dúró sínú ẹ̀, wọ́n di ayálégbé. Lanlọ́ọ̀dù àná di tẹ́náńtì lónìí, nínú ilé tí òun fúnra ẹ̀ kọ́. Àwọn tí kò mọ ìṣirò rójú rẹ́rìn-ín pé ṣebí wọ́n jèrè mílíọ̀nù 11. Àwọn tó mọ ìṣirò ò rẹ́rìn-ín o. Owó tí wọ́n gbà, ẹ̀ẹ̀kan ni. Rẹ́ǹtì tí wọ́n tọrùn bọ̀, ọdọọdún ni.

ÌJỌBA ÌBÍLẸ̀ TÓ NÍ Ẹ̀GBỌ́N

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé yín, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní county council. Nílẹ̀ wa, ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo lèèyàn mọ̀ ládùúgbò ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, méjì ni wọ́n, bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Àbúrò ló ń kó ìdọ̀tí ilé dànù, òun ló ń fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́, òun ló sì ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé fáwọn tí kò rílé gbé. Ẹ̀gbọ́n ni county council. Òun ló ń tọ́jú àwọn arúgbó àtàwọn ọmọ tí kò ní alágbàtọ́, òun ló ń ṣe ojú ọ̀nà, òun ló ni ilé ìkàwé, ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà sì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí ló ń ná owó jù, nítorí pé arúgbó kì í dín kù láyé, wọ́n ń pọ̀ sí i ni.

Òfin ọdún 1888 ló dá àwọn county council yìí sílẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1889. Ìran wọn kò sì jìnnà sí wa tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1950, nígbà táwọn òyìnbó ṣì ń ṣèjọba, ilẹ̀ Ìbò ní ìhà Ìlà-Oòrùn ṣe òfin tó dá county council sílẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Lọ́dún 1952, Ìwọ̀-Oòrùn tiwa náà ṣe òfin ìjọba ìbílẹ̀ tuntun. Nígbà yẹn, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni mínísítà tó ń bójú tó o. Àwòṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tẹ̀ lé níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, àfi pé lọ́dọ̀ tiwa, wọn ò lo orúkọ county. Àtúntò ọdún 1976 ló sọ gbogbo ẹ̀ di ìjọba ìbílẹ̀ kan náà tá a mọ̀ dòní. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka ìtàn Northamptonshire, ìtàn mọ̀lẹ́bí wa lẹ̀ ń kà.

BÍ KÁŃSÙ ṢE Ń MÚ ỌJÀ TÀ

Ẹlòmíì á ní kí ló kan káńsù nínú ọ̀rọ̀ ajé. Ó kàn án gidi ni. Káńsù kì í tajà, àmọ́ òun ló ń tọ́jú ibi tí ọjà yóò gbà kọjá. Ẹ wo Northamptonshire fúnra ẹ̀. Bàtà ni wọ́n fi mọ ìlú Northampton láti ọjọ́ pípẹ́, débi pé àwọn ṣọbàtàṣọbàtà ni ìnagijẹ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn. Ìlú Corby ní tiẹ̀, irin ni wọ́n ń rọ níbẹ̀. Lọ́dún 1980, iṣẹ́ yíyọ́ irin dópin ní Corby, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn wá di aláìríṣẹ́. Lọ́dún 1981, ìjọba sọ ibẹ̀ di Enterprise Zone, ìyẹn ibi tí iléeṣẹ́ tó bá wá dá ẹ̀ka sílẹ̀ kò ti ní san àwọn owó orí kan fún sáà kan. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn sì dé lóòótọ́.

Nígbà tó tún yá, ọkọ̀ àjàgbé àti ilé ìkẹ́rùsí gbòde. Ọ̀nà M1 tó ti Lọ́ńdọ̀nù lọ sókè gba àárín Northamptonshire kọjá. Lọ́dún 1997, ibùdó ẹrù rélùwéè ńlá kan ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Daventry. Iléeṣẹ́ aládàáni ló ni í, àmọ́ ta ni yóò ṣe àwọn ọ̀nà kéékèèké tí ọkọ̀ yóò gbà dé ibẹ̀, tí yóò tún un ṣe bó bá bàjẹ́? Káńsù ni. Ta ni yóò bójú tó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀? Káńsù kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni káńsù ṣe ń mú ọjà tà láì fọwọ́ kan igbá ọlọ́jà.

Èrè sì wà níbẹ̀ fún káńsù náà. Láti ọdún 2013 nìjọba àpapọ̀ wọn ti gbà kí àwọn káńsù máa mú nínú owó orí tí ṣọ́ọ̀bù àti iléeṣẹ́ ń san ládùúgbò wọn, kó má jẹ́ pé ìjọba nìkan ni yóò máa kó gbogbo ẹ̀ lọ. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé bí ọjà bá tà ládùúgbò, káńsù náà á rí jẹ. Bí ṣọ́ọ̀bù bá tì, ebi yóò pa àtẹni tó ń tajà, àti káńsù.

Yàtọ̀ sí èyí, káńsù ní dúkìá tiẹ̀: ilé, ilẹ̀, ọ́fíìsì, oko, ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó bá ń lò fúnra ẹ̀ wà, èyí tó fi ń gbowó rẹ́ǹtì náà wà. Ibi tí ìjàngbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí.

OJÚ OWÓ ÀTI ÈRÈ

Gbogbo ìyálọ́jà ló mọ òfin kan tí wọn kì í kọ́ ní yunifásítì: a kì í jẹ ojú owó. Èrè la máa ń jẹ. Bí èèyàn bá fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ra ọjà, tó tà á ní ẹgbẹ̀rún méjìlá, inú ẹgbẹ̀rún méjì yẹn ni yóò ti jẹun. Ọjọ́ tó bá ti mú nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá fi se ọbẹ̀, ọjọ́ náà ni òwò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú, kódà bí ọbẹ̀ náà dùn.

Òfin kan náà ló de àwọn káńsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá ta ilé tàbí ilẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ fi owó rẹ̀ san owó oṣù tàbí kí wọ́n fi ra epo sí mọ́tò. Wọ́n lè fi kọ́ òmíràn, wọ́n lè fi ra dúkìá, wọ́n lè fi san gbèsè. Àmọ́ lọ́dún 2016, ìjọba dẹ òfin náà díẹ̀. Wọ́n ní bí káńsù bá fẹ́ ṣe àtúntò tí yóò dín ìnáwó ẹ̀ kù lọ́jọ́ iwájú, ó lè mú nínú owó dúkìá tó tà fi ṣe àtúntò ọ̀hún. Ilẹ̀kùn kékeré ni wọ́n ṣí. Northamptonshire gbé gbogbo ara gba ibẹ̀ wọlé.

Owó ti ń wọ́n wọn tẹ́lẹ̀ ná. Láti ọdún 2010 nìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gé owó tó ń fún àwọn káńsù, bẹ́ẹ̀ ni arúgbó ń pọ̀ sí i. Àmọ́ káńsù tí kò lówó yìí náà ló tún kọ̀ tí kò fẹ́ fi kún owó orí ilé fún ọdún mélòó kan, kí inú aráàlú lè máa dùn sí wọn. Wọ́n wá gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Next Generation: wọ́n fẹ́ pín iṣẹ́ káńsù sáwọn iléeṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí káńsù fúnra ẹ̀ kéré, kó kàn máa gbé iṣẹ́ fún wọn. Wọ́n ní owó yóò ṣẹ́kù. Owó ò ṣẹ́kù.

Lóṣù kìn-ín-ní, ọdún 2018, ìjọba rán Max Caller, ògbólógbòó nínú iṣẹ́ káńsù, kó lọ wo inú ìwé wọn. Nígbà tí àbọ̀ ìwádìí ẹ̀ jáde lóṣù kẹta, ojú ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó ní kì í ṣe àìlówó nìkan ló pa káńsù yìí, nítorí pé àwọn káńsù míì tí ìyà kan náà ń jẹ rọ́nà gbé e gbà. Ó ní wọ́n ń kó owó tí wọ́n rí lórí dúkìá sínú ìnáwó ojoojúmọ́, wọ́n ń pè é ní àtúntò, láìsí ẹ̀rí tó múná dóko pé àtúntò kankan ń mú owó wálé. Ó ní ká má tiẹ̀ wulẹ̀ dá owó sí i mọ́, torí pé ẹ̀bùn fún àìṣedéédéé ni yóò jẹ́. Kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n dá tuntun méjì sílẹ̀ dípò ẹ̀.

Nínú oṣù yẹn náà ni Heather Smith, tó jẹ́ aṣáájú káńsù, kọ̀wé fipò sílẹ̀. Paul Blantern, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àwọn òṣìṣẹ́, ti lọ tiẹ̀ látìgbà tí wọ́n ń ṣí ilé tuntun, nínú oṣù kẹwàá ọdún 2017. Ẹ ò rí nǹkan!

TA NI ÌYÀ JẸ?

Bó bá jẹ́ pé àwọn ọ̀gá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kan, à bá ní kí wọ́n máa bá ara wọn fà á. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju eéje lọ. Ilé ìkàwé mẹ́rìndínlógójì ló wà lágbègbè náà. Káńsù ní àwọn fẹ́ jáwọ́ nínú mọ́kànlélógún nínú wọn. Ilé ìkàwé lọ́hùn-ún kì í ṣe ibi ìwé nìkan o. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń wáṣẹ́ ti ń lo kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ni ìyá ọmọ ń gbé ọmọ ẹ̀ lọ bí òtútù bá mú, ibẹ̀ ni arúgbó tó ń dá gbé ti ń rí ojú èèyàn. Àwọn òbí àtàwọn aráàlú bínú, wọ́n gba kóòtù lọ, adájọ́ sì dá wọn láre lóṣù kẹjọ ọdún 2018 pé ọ̀nà tí káńsù gbà ṣe é kò bófin mu.

Kí ìdájọ́ yẹn tó jáde, lóṣù keje, ìwé Section 114 kejì ti jáde. Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀ẹ̀kejì láàárín oṣù mẹ́fà! Àlàfo tó ku káńsù láti dí lọ́dún náà tó mílíọ̀nù 70 pọ́n-ùn. Lóṣù kọkànlá, ìjọba gbà pé kí wọ́n mú tó mílíọ̀nù 60 pọ́n-ùn nínú owó dúkìá fi dí ihò tó wà nílẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà. Ohun tí wọ́n fi bá wọn wí lóṣù kẹta, òun náà ni wọ́n fún wọn láṣẹ láti ṣe lóṣù kọkànlá, nítorí pé kò sí ọ̀nà àbáyọ mìíràn mọ́. Ẹni tó ti jẹ ojú owó dé ìdajì, bí ebi bá dé, ìdajì tó kù náà ló máa jẹ.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹrin, ọdún 2021, Northamptonshire County Council kógbá sílé. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lé lọ́gọ́rùn-ún ló lò láyé. Wọ́n pa àwọn káńsù àbúrò ẹ̀ méjèèje rẹ́ pẹ̀lú, káńsù méjì péré ló rọ́pò gbogbo wọn, ọ̀kan ní ìwọ̀-oòrùn, ọ̀kan ní àríwá. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Northampton, ní Corby, ní Kettering, tí wọ́n ń san owó orí ilé lóṣooṣù, wà lára àwọn tó jogún gbèsè tí wọn kò jẹ.

ÀWỌN TÓ NÍ ÀWỌN GBỌ́N JÙ BẸ́Ẹ̀ LỌ

Bí Northamptonshire ṣe ń ta tiẹ̀, àwọn káńsù míì ní ní tàwọn, àwọn kò ní tà, ríra làwọn máa ra. Wọ́n rí i pé ìjọba ń yá káńsù lówó ní èlé tín-ín-rín, wọ́n wá ń yá a, wọ́n ń fi ra ṣọ́ọ̀bù ńlá, ọ́fíìsì àti ilé ìkẹ́rùsí, kódà ní ìlú tí kì í ṣe tiwọn, pé rẹ́ǹtì ibẹ̀ làwọn á máa fi tọ́jú arúgbó. Ilé iṣẹ́ tó ń yẹ ìwé owó ìjọba wò lọ́hùn-ún ṣírò ẹ̀: láàárín ọdún mẹ́ta péré, 2016 sí 2019, owó tí àwọn káńsù ná sórí irú dúkìá bẹ́ẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 6.6 pọ́n-ùn, ìlọ́po mẹ́rìnlá èyí tí wọ́n ná lọ́dún mẹ́ta tó ṣáájú.

Àrùn kòrónà dé lọ́dún 2020, ṣọ́ọ̀bù tì, ọ́fíìsì ṣófo. Lóṣù kọkànlá ọdún náà nìjọba ní òun kò ní yá káńsù lówó mọ́ láti fi ra ilé tí kò ní iṣẹ́ méjì ju owó rẹ́ǹtì lọ. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí fáwọn kan. Káńsù Woking, lágbègbè Surrey, yá owó gọbọi fi kọ́ ilé gogoro, hòtẹ́ẹ̀lì àti ṣọ́ọ̀bù sáàárín ìlú. Lóṣù kẹfà ọdún 2023, òun náà kọ̀wé Section 114. Gbèsè inú ìṣirò wọn tó bílíọ̀nù 1.2 pọ́n-ùn, nígbà tí owó tí wọ́n ní láti fi ṣiṣẹ́ ọdún yẹn kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 16 lọ. Ẹni tó jẹ mílíọ̀nù 16 lọ́dún, tó jẹ gbèsè bílíọ̀nù kan àti díẹ̀, àfi ká máa wò ó.

Nítorí náà, kì í ṣe títà nìkan ló burú, ríra pẹ̀lú ẹ̀yáwó náà lè pa èèyàn. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé: dúkìá yìí, ta ni ó ń ṣiṣẹ́ fún?

ÀWỌN TÍ WỌ́N DI TIWỌN MÚ

Ẹ jẹ́ ká fi àwọn tí tiwọn dára díẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Láti òpin sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ni òfin ti gbà kí county council ra ilẹ̀ oko, kí wọ́n pín in fáwọn tó fẹ́ dáko àmọ́ tí bàbá wọn ò nílẹ̀, kí wọ́n máa san rẹ́ǹtì. Òfin ọdún 1892 ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, tọdún 1908 ló fún un lágbára. Títí di ìsinsìnyí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló jẹ́ pé oko káńsù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Cambridgeshire County Council ni tiẹ̀ pọ̀ jù, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n éékà. Rẹ́ǹtì ń wọlé fún káńsù lọ́dọọdún, àgbẹ̀ ń jèrè, ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní jíjẹ èrè láì fọwọ́ kan ojú owó. Àmọ́ wọn ò pọ̀ mọ́. Láàárín ọdún 1977 sí 2017, nǹkan bí ìdajì gbogbo oko káńsù tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti tà dànù.

Ẹ tún wo Preston, ní Lancashire. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń retí pé àwọn olówó yóò wá kọ́ ilé ìtajà ńlá kan tí owó ẹ̀ tó mílíọ̀nù 700 pọ́n-ùn sáàárín ìlú. Lọ́dún 2011, ètò náà dà rú. Dípò kí wọ́n fọwọ́ lẹ́rán, káńsù ìlú náà pe àwọn iléeṣẹ́ ńlá tí kò lè ká kúrò níbẹ̀ jọ: Lancashire County Council, ọlọ́pàá, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àti àjọ tó ń fún aráàlú nílé gbé. Wọ́n bi ara wọn léèrè pé owó tá à ń ná lórí oúnjẹ, ìwé títẹ̀, àtúnṣe ilé, ta là ń ná an fún? Wọ́n rí i pé èyí tó pọ̀ jù ń jáde kúrò nílùú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé kọ́ńtíráàtì ńlá sí wẹ́wẹ́, kí àwọn oníṣẹ́ kéékèèké ìlú náà lè rí i gbé. Lọ́dún 2012 sí 2013, mílíọ̀nù 38 pọ́n-ùn ni wọ́n ná nínú Preston. Nígbà tó fi máa di 2016 sí 2017, ó ti lé ní mílíọ̀nù 110. Wọn ò ta ilé, wọn ò yáwó ra ṣọ́ọ̀bù. Owó tí wọ́n ti ń ná tẹ́lẹ̀ náà ni, ojú ibi tí wọ́n ń ná an sí ni wọ́n yí padà.

Ọ̀RỌ̀ KAN WÁ SÍLÉ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí ni èyí kan ẹni tó ń gbé ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo, tàbí ní Mushin? Ó kan yín. Òfin ilẹ̀ wa tọdún 1999 ló gbé ọjà, gáréèjì, ilé ìpẹran àti gbígba owó orí ilé lé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ilẹ̀ tí ọjà wà, ojú owó ni. Gáréèjì, ojú owó ni. Ṣọ́ọ̀bù tí káńsù kọ́ tó ń gba rẹ́ǹtì lé lórí, ojú owó aráàlú ni. Lọ́jọ́ kọkànlá, oṣù keje, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, kì í ṣe kó gba ọ̀dọ̀ gómìnà kọjá. Àwọn èèyàn yọ̀, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Northamptonshire ń gba owó tiẹ̀ tààrà láti ọjọ́ tó ti dáyé, gómìnà kankan ò dúró sí àárín. Owó tó dé ọwọ́ kò ní kí ọwọ́ náà má jò.

Ohun kan tún wà tó yẹ ká kọ́ níbẹ̀. Òfin lọ́hùn-ún pàṣẹ fún káńsù pé kó máa tẹ orúkọ gbogbo ilé àti ilẹ̀ tó ní jáde lọ́dọọdún, kó sì máa kọ gbogbo ìnáwó tó bá ti lé ní 500 pọ́n-ùn síta fún aráàlú. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn náà, Northamptonshire ṣì ṣubú. Ìwé wà níta, àwọn tó yẹ kó kà á ni kò kà á, àwọn kánsẹ́lọ̀ tó yẹ kó bèèrè sì dákẹ́ nígbà tó yẹ kí wọ́n sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, bí kánsẹ́lọ̀ àdúgbò yín bá wá pín ìrẹsì lásìkò ìbò, ẹ gbà á bó bá wù yín, àmọ́ ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin péré. Kí ni gbogbo dúkìá tí káńsù wa ní, ibo sì lorúkọ wọn wà? Rẹ́ǹtì tó ń wọlé lórí wọn, èló ni lọ́dún? Èyí tẹ́ ẹ tà, kí lẹ fowó ẹ̀ ṣe? Iṣẹ́ tẹ́ ẹ gbé jáde, ṣé káfíńtà, bíríkìlà àti télọ̀ àdúgbò yìí rí nínú ẹ̀ gbé?

Bó bá dáhùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá dáhùn, ẹ ti rí ìdáhùn náà nìyẹn. Ìyálọ́jà tó ń ta ata ní Ojà Ọba kì í jẹ ojú owó ẹ̀, kò sì sóhun tó ní káńsù tó ń gba owó àtẹ lọ́wọ́ ẹ̀ máa jẹ tiẹ̀.